Èèkù fún Ọwọ́ Khemaies

Ẹtì, ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá

Hayet, ìyàwó àbúrò mi, wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kò gba kọfí. Ó ní láti ìparí oṣù Kẹjọ ni Khemaies ti gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilé adìẹ, tó sì ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Eré àwọn ará Tọ́kì ló ń wò. Ó ti mọ orúkọ gbogbo ìyá ọkọ tó wà nínú rẹ̀. Ejìká ọ̀tún ń dùn ún, àtẹ́lẹwọ́ ń dùn ún. Nizar ọmọ wọn sì ti sọ pé òun ń bọ̀ láti Tunis ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá láti wá kó àwọn méjèèjì lọ sílé òun, àjà kẹrin, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ògiri ilé onílé. Khemaies ní kò burú.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Hayet wí, "tó bá lè ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí ejìká yẹn má dùn ún, kò ní lọ. Mo mọ ọkọ mi. Ẹni tí kò lè pẹja mọ́ ní Tabarka, kí ló tún kù tó fẹ́ dúró ṣe níbí?"

N kò ní arákùnrin mìíràn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mo wà láyé, tirẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́rin. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àjà kẹrin ní ọjọ́ orí yẹn, gbígbé ni wọ́n máa ń gbé e sọ̀kalẹ̀.

Afẹ́fẹ́ líle láti òkun. Sàdínì dínà mẹ́fà kílò kan.

Ajé, ọjọ́ 6

Mo lọ wò ó. Kò kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ó kí mi dáadáa. Mo yọ ọ̀pá náà kúrò lẹ́yìn ilé adìẹ, mo nu ìgbẹ́ adìẹ kúrò lára rẹ̀, mo dì í mú. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí i.

Èèkù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ṣíbí, ike dúdú dídán tí ń yọ̀ bí ọṣẹ ní kété tí omi bá kàn án. Ẹni tó bá di irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mú yóò fún un bí ẹni ń fún ejò lọ́rùn. Ìka á dùn ún, ìka á ránṣẹ́ sí ọrùn ọwọ́, ọrùn ọwọ́ á ránṣẹ́ sí ejìká. Ìdí rẹ̀ sì gùn jù. Láti ibi tí kẹ̀kẹ́ okùn, èyí tí a fi ń ká okùn ìwọ̀, wà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, Khemaies ní láti ya apá bí ẹni ń wọn aṣọ kó tó lè ju ìwọ̀.

Mo sọ fún un pé kì í ṣe ejìká rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, èèkù ni.

"Ẹ bá èèkù sọ̀rọ̀ nígbà náà," ló wí. "Èmi ń wo nǹkan."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Mabrouka ìyàwó mi wo ojú mi, ó ní, "Ẹ ti rí ẹni tí ẹ máa kọ́ níwèé." Mo ní kì í ṣe ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó ní mi ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ kankan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9

Mo mú okùn ìwọnṣọ Mabrouka lọ sí ilé kọfí èbúté. Ìṣirò mi ni pé bí a bá gbé ìdí ọ̀pá ti àyà, tí a sì na apá, ibi tí àtẹ́lẹwọ́ bá dé ni kẹ̀kẹ́ okùn yẹ kó wà. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo wọn ọkùnrin mọ́kànlá, láti àyà dé àtẹ́lẹwọ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Othman, tó ti pé ọgọ́rin ọdún, fi kọfí rẹ̀ sílẹ̀ láì mu ún tán.

Nígbà tí Mabrouka fi máa ra búrẹ́dì ìrọ̀lẹ́ bọ̀, ìròyìn ti tàn pé mo ń wọn àwọn àgbàlagbà fún aṣọ òkú. Ìyàwó Othman ránṣẹ́ wá béèrè bóyá mo lá àlá kan.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14

Mo wọ takisí lọ sí Aïn Draham. Òtútù ti dé orí òkè. Lábẹ́ àwọn igi kọ́ọ̀kì, létí ọ̀nà, Lazhar ń ta oyin, ṣíbí onígi àti èèpo igi kọ́ọ̀kì, irú èyí tí a fi ń dí ẹnu ìgò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọgbọ̀n dínà fún èèpo tó kún àpò kan. Mo fún un ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gbà kí n tó pa ẹnu dé. Ìyẹn ì bá ti ta mí lólobó, ṣùgbọ́n ayọ̀ ìdúnàádúrà ló gbà mí lọ́kàn. Mo kó o délé bí ẹni ra wúrà ní ìdajì owó.

Kọ́ọ̀kì fúyẹ́, kì í tutù lọ́wọ́ nígbà òtútù, omi kì í mú un yọ̀. Mo kọ gbogbo èyí sínú ìwé kí n lè kà á fún Khemaies.

Ẹtì, ọjọ́ 17

Mo gé èèpo náà ní òrùka òrùka, mo lu ihò sí àárín wọn, mo sì ń tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdí ọ̀pá pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù náà yára jù mí lọ. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di aago kan ọ̀sán, èmi àti ọ̀pá di ara kan. Mabrouka ń da epo ólífì sí mi lọ́wọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe tèmi ló ń sun, epo tuntun ti di dínà mẹ́rìnlá lítà kan.

Ìmáàmù kọjá lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó rí mi tí mo di ọ̀pá ìpẹja mú láàrin ìkòkò, ó ní ẹ kú iṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣí, mo fi òsì dá a lóhùn. Ó wò mí, ó kọjá lọ.

Awọ orí ìka méjì ti bá ọ̀pá lọ. Ìkọ̀wé òní kò dára.

Ẹtì, ọjọ́ 24

Mo gbé e lọ hàn án. Mo ti fi pépà oníyanrìn ha á títí ó fi rí roboto. Mo ka àwọn àǹfààní kọ́ọ̀kì sí i létí. Khemaies fetí sílẹ̀ dé ìparí, bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó fi àtàǹpàkò tẹ èèkù náà lẹ́ẹ̀kan. Eruku ni ó dà: ó fọ́, ó ń já bọ́ sórí ẹní.

"Akọ ni," ló wí.

Mo ní kí ni akọ?

"Akọ kọ́ọ̀kì. Èèpo tí igi kọ́kọ́ bọ́ láyé rẹ̀. Adìẹ là ń tẹ́ ẹ fún. Èyí tó bá hù lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, abo nìyẹn, òun la fi ń ṣe nǹkan. Èló ni Lazhar gbà?"

Mo sọ fún un. Ó wo òkè àjà fún ìgbà díẹ̀, ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ìrora ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ejìká náà mú, ó ní ẹ má pa mí. Hayet yọjú láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun. Ó ní ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti oṣù méjì nìyẹn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àbúrò mi fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kọ́ọ̀kì. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé kí n bi í léèrè.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá

Padà sọ́dọ̀ Lazhar. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kò béèrè. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ mọ kọ́ọ̀kì." Abo, ogójì dínà. N kò dúnàádúrà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4

Èèkù kejì. Ó nípọn tó bó ṣe yẹ, ó rọ̀ lọ́wọ́ láì yọ̀, mo sì gé ìdí ọ̀pá kù ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ìṣirò mi. Ẹ̀rù gọ́ọ̀mù ṣì ń bà mí, nítorí náà mo kàn tì í wọlé dáadáa ni, mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dì í. Mo gbé e lọ sí orí àpáta lábẹ́ odi àtijọ́ láti dán an wò kí Khemaies tó rí i. Òkun rọ̀, ènìyàn bí márùn-ún ń pẹja.

Mo gbé ọ̀pá sẹ́yìn. Mo fi apá òkè tì, mo fi apá ìsàlẹ̀ fà, bí ìwé ti wí. Èèkù náà kò yọ̀ rárá, ó wà lọ́wọ́ mi digbí. Ọ̀pá ló wà nínú òkun.

Sadok, tó ń fi ọkọ̀ kékeré dẹ ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ló fi irin rẹ̀ gbé e sókè fún mi. Ó tukọ̀ dé ẹsẹ̀ àpáta. Ó wá ní, "Ọ̀gá, ìwọ̀ la máa ń jù o."

Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ Khemaies kí n tó dé ibẹ̀. Ó béèrè bí ó ṣe jìnnà tó. Mo ní á tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀.

"Ó dára ju èyí tí mo jù kẹ́yìn lọ," ló wí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6

Gọ́ọ̀mù. Mo wọ ìbọ̀wọ́ Mabrouka. Kò sí ìjàm̀bá.

Àìkú, ọjọ́ 9

Khemaies gbà láti bá mi lọ sórí àpáta. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí mo tún máa jù sómi. Ojú ọjọ́ dára, ẹja wárka ti ń sanra, wọ́n ń jáde láti inú ọ̀sà bọ́ sí òkun bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún kí òtútù tó le. Kòkòrò ìjẹ dínà mẹ́jọ àpótí kan, olè ni àwọn tó ń tà á.

Ó di èèkù náà mú, ó ní ó dára lọ́wọ́. Inú mi dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó jù lẹ́ẹ̀kan, mo rí i tó pa eyín pọ̀. Ó jù lẹ́ẹ̀kejì, òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tútù. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, apá kò kọjá etí. Ó rọra gbé ọ̀pá náà sílẹ̀ lórí àpáta, bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn sílẹ̀.

"Èèkù yín dára, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mi ò dára mọ́."

Ó dá lọ sílé. N kò bá a lọ. Hayet ti bẹ̀rẹ̀ sí í di kúbùsù sínú àpò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 12

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe rí, láì tún un ṣe.

Mo wà ní àgbàlá Khemaies, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò sọ. Àkùkọ wọn bọ́ sórí aṣọ tí Hayet sá. Khemaies bọ́ bàtà ilé rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Bàtà náà fò kọjá igi lẹ́múùnù, ó ba àkùkọ nídìí gan-an, láti ibi tó tó ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọwọ́ òsì ló fi sọ ọ́. Apá náà lọ, ó sì bọ̀, gẹ́gẹ́ bí omi. Kò pa eyín pọ̀. Kò tilẹ̀ dìde.

Mo ní, "Láti ìgbà wo lo ti ń fi òsì ju nǹkan?"

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ẹ ò rántí."

Mo ní mi ò rántí kí ni.

"Kíláàsì yín. Ìborùn ìyá wa."

Nígbà náà ni mo rántí, mo sì jókòó.

Ọmọ ogún ọdún dín díẹ̀ ni mí, olùkọ́ tuntun, kóòtù mi jẹ́ ti àwìn. Wọ́n fún mi ní kíláàsì tí àbúrò mi wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Òsì ló fi ń kọ̀wé, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀gá ń gba àbúrò rẹ̀ láyè. Mo mú ìborùn ìyá wa láti ilé, mo fi di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Ojoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Ó ń fi ọ̀tún kọ̀wé bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ́ kí wọ́n rín in. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò wá sílé ìwé mọ́. Ilé iṣẹ́ kọ́ọ̀kì ló lọ. Mo sọ fún bàbá wa pé orí ọmọ náà kò gba ìwé.

Kí ó fi ọ̀tún jẹun, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ fi òsì ṣe ìṣirò?

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n se àsè fún mi. Mo dìde níbẹ̀, mo ní mo ti tún ọwọ́ ogójì ọmọ ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Khemaies wà ní ìlà kejì. Ó pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló fi ń ju ìwọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí mo yàn fún un. Apá ọ̀tún lókè, nítòsí kẹ̀kẹ́ okùn, tí ń tì; apá òsì nísàlẹ̀, tí ń fà. Ejìká tí kì í ṣe ti iṣẹ́ náà ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo ti wọn ọkùnrin mọ́kànlá ní ilé kọfí. N kò wọn òun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13

Òjò. N kò jáde.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 15

Mo lọ bá a. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì.

"Fún èwo nínú wọn?" ló wí.

"Fún ọwọ́ rẹ."

Ó pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kò pa àwòrán. Ó ní, "Ẹ bẹ ejìká. Òun ló jìyà." Ìyá ọkọ kan ń ṣí ẹnu ṣí ẹnu lórí àwòrán. Ó tún wá ní, "Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá wa fi wá ìborùn yẹn kiri. Ó fẹ̀sùn kan aládùúgbò."

N kò mọ ìyẹn. Mo sọkún díẹ̀, ó sì jẹ́ kí n sun ún tán, kò ní kí n dákẹ́, kò sì ní kí n má dákẹ́. Hayet gbé kọfí wá, ó wò wá, ó gbé e padà.

Nígbà tí mo nu imú tán, mo béèrè ohun tí n kò béèrè láti oṣù Kẹwàá: irú èèkù wo ni ọwọ́ rẹ̀ ń fẹ́?

"Ẹ ò bi mí rí," ló wí. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di afẹ́fẹ́ mú bí ẹni di ọ̀pá, òsì lókè, ọ̀tún nísàlẹ̀. Ó ní kí ìdí kúrú, kí apá ọ̀tún má baà nà, kó kàn máa fà bọ̀ sí àyà, nítorí ibẹ̀ kì í dùn ún. Kí ìsàlẹ̀ pátápátá tóbi bí orí ọmọ odó, kí ọwọ́ lè fi í kọ́ láì fún un. Kí ibi ọwọ́ òsì wú díẹ̀ láàrin. Kí kẹ̀kẹ́ okùn sì sún sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta ju ibi tí mo fi í sí.

Èyí ìkẹyìn tako gbogbo ìṣirò mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo ròyìn fún Mabrouka, ìdákẹ́ yẹn nìkan ni kò gbàgbọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 19

A ń ṣe é ní àgbàlá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kọ́ọ̀kì, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ẹni tí ń bó ọsàn pẹ̀lú àáké. Ó na ọwọ́. Mo gbé ọ̀bẹ fún un sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì gbé e bọ́ sí òsì. Ọ̀bẹ náà kọ́kọ́ gbọ̀n, ó ní ojú ń ti ọwọ́ náà. Lẹ́yìn wákàtí kan ojú kò tì í mọ́.

Mo béèrè ohun tó ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kọ́ọ̀kì. Ó ní òun ló ń ṣa dáadáa kúrò nínú burúkú, àtàǹpàkò lòun fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lójúmọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ kì í wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún béèrè òmíràn. A sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi tutù, Hayet bínú, kúskúsù ẹja ni.

Àìkú, ọjọ́ 23

Àpáta, aago méje àárọ̀. Mo ti yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ okùn sí apá kejì. Khemaies dúró, òsì lókè, ọ̀tún nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ èwo nínú wọn ni yóò ṣíwájú.

Àkọ́kọ́: òjé tó ń mú ìwọ̀ wúwo bọ́ sẹ́yìn wa, sínú koríko. Ìkejì: ó ba tẹ́mọ́ọ̀sì kọfí Mabrouka, ó fọ́. Ìkẹta: okùn wé mọ́ òun fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó ń pẹja lápá ọ̀tún wa kó ẹrù rẹ̀ lọ síwájú, ìkejì tẹ̀ lé e, a sì wá ní gbogbo àpáta fún ara wa, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní Àìkú oṣù Kọkànlá. Mo fẹ́ sọ fún un nípa ẹsẹ̀. Mo ti ṣí ẹnu. Ó bojú wò mí. Mo pa á dé.

Ìkẹjọ fò. Kò jìnnà, ogún ìṣísẹ̀ ni, bí èyí tí ọmọdé jù. Ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ta gbọ̀n-ọ́n bó ṣe yẹ, òjé sì wọ omi pẹ̀lú ìró kékeré kan tó dára. Khemaies ń yí ejìká ọ̀tún, ó ń wá ìrora nínú rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

"Kò sí níbẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré.

Ìgbà mọ́kànlélógójì ló jù ú. Mo kà á. Kò rí ẹja kankan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27

Nizar tẹ̀ wọ́n láago pé òun ti ra bẹ́ẹ̀dì. Khemaies ní ó ṣeun. N kò bi í bóyá ó ń lọ. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń béèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìdáhùn èyí ń bà mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 29

Òun ló wá kan ilẹ̀kùn mi kí oòrùn tó yọ, ọ̀pá léjìká òsì. A lọ. Kò sọ̀rọ̀ Tunis, n kò sọ ọ́. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, márùndínlógójì. Ní aago mẹ́wàá wárka kan gbé ìwọ̀ mì. Ó fi ìdí èèkù ti àyà, ó ń fi ọ̀tún yí kẹ̀kẹ́, ó fà á wọlé. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Àwọn tó dúró jìnnà sí wa kò rẹ́rìn-ín.

Nizar dé nígbà yẹn, ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta pẹ̀lú bàtà ìgboro, apá méjèèjì nínà. Ó kí mi, ó kí bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà jìn, ó yẹ kí a tètè gbéra."

Khemaies ń fi kòkòrò tuntun sí ìwọ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Nizar, kíláàsì kìíní ni mo wà. Àìkú tó kọjá ni mo wọlé. Wọn kì í yọ ọmọ kúrò níléèwé láàrin ọdún."

Nizar yíjú sí mi. Mo gbójú lé omi.

"Wọ́n ti ṣe é fún mi rí," ni Khemaies tún wí. "Kò dára fún ọmọ."

Nizar bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ojú ẹja yẹn ló ń wò nínú garawa. Ó béèrè bẹ́ẹ̀dì tó rà ńkọ́. Bàbá rẹ̀ ní kó sùn lé e.

Nígbà tí a padà délé, mọ́tò ti kún lóòótọ́. Àlùbọ́sà, ìyẹ̀fun kúskúsù, gálọ́ọ̀nù epo ólífì kan. Ti Nizar ni gbogbo rẹ̀. Kúbùsù ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Hayet kò dúró de ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá

Òjò láti òwúrọ̀, òkun dúdú. Khemaies gbé ọ̀pá wá nínú òjò. Ó ní ìdí rẹ̀ ṣì gùn, kí n gé ìwọ̀n ìka méjì kúrò lára rẹ̀. Ìṣirò mi ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mú ayùn. Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Mo tún bi í. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé e jàre."

Mo gé e.